Ẹ̀yin PTA ilé ìwé àwọn ọmọ wa, èébú wo gan-an lẹ fẹ́ máa gba owó lé lórí?

Sí alága, akọ̀wé àti gbogbo ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ òbí àti tíṣà,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú wàhálà àwọn ọmọ. Màdáàmù ọ̀gá ilé ìwé, mo kí i yín, ẹ̀yin tíṣà náà, Olúwa á máa fún yín ní sùúrù kún sùúrù. Èmi ni Ìyá Ìbejì Primary 4, èmi télọ̀ tó wà lẹ́yìn ilé epo, àwọn tó bá ti rán aṣọ lọ́dọ̀ mi nínú yín mọ̀ pé mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n.

Mo ti ka lísìtì tí ẹ lẹ̀ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì, èyí tí ẹ ní kí gbogbo òbí buwọ́ lù kí táàmù tuntun tó wọlé, pé ọmọ tó bá bú èèyàn máa san ₦500 fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, tó bá tún bú èèyàn ₦1,000, tó bá di ẹlẹ́ẹ̀kẹta kó lọ jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ kan. Mi ò tíì buwọ́ lù ú o. Kì í ṣe pé mo fẹ́ kí àwọn ọmọ mi máa sọ ìsọkúsọ, ẹni tó bá gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ kó lọ tún etí ẹ̀ fọ̀. Àmọ́ mo ka lísìtì yẹn láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo tún kà á, mo wá rí i pé ẹ ò tíì mọ ohun tí ẹ ń lé kiri. Ọ̀rọ̀ lẹ ń kà lẹ́yọ lẹ́yọ, ẹ ò wo ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wà níbẹ̀. Wèrè, ọ̀dẹ̀, òpònú, dìndìnrìn, ọlọ́ṣì, olórí burúkú. Ó dáa, mo gbà. Ẹ tún wá kọ orúkọ gbogbo nǹkan tó wà lábẹ́ aṣọ síbẹ̀, ìyẹn náà, a máa dé orí ẹ̀. Lẹ́yìn náà, nísàlẹ̀ pátápátá, ẹ wá kọ fanákúlà. Háà! Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé èdè tí ìyá yín fi kí yín káàbọ̀ sáyé náà ló wà nínú lísìtì èébú yẹn? Ọmọ tó ní "ẹ káàárọ̀ mà" àti ọmọ tó ní "òpònú", owó kan náà ni wọ́n á jọ san?

Bẹ́ẹ̀ sì ni, gbogbo èébú òyìnbó, ẹyọ kan ò sí níbẹ̀. Stupid ò sí níbẹ̀, idiot ò sí níbẹ̀. Níbi ayẹyẹ ìparí ọdún yín, kéèkì já bọ́ lọ́wọ́ ọmọ kan, ọmọ náà ní "oh shit!", gbogbo tábìlì bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní háà ọmọ yìí gbọ́ òyìnbó o, bàbá ẹ̀ gan-an ń yọ̀ ṣìnkìn. Ká ní ìgbẹ́ tó jẹ́ ìgbẹ́ ló pè ní Yorùbá ni, ìgbátí ló máa gbọ́ kí kéèkì tó délẹ̀.

Mo ní àwọn ọmọṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Méjì tó dàgbà jù nínú wọn, àárọ̀ dé alẹ́ ni wọ́n fi ń bú ara wọn. "Ọ̀dẹ̀ yìí, gbé téèpù wá." "Wèrè, ìwọ lo fi áyọ́ọ̀nù sílẹ̀ lórí aṣọ yẹn." "Òpònú, apá òsì lo rán mọ́ apá ọ̀tún." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á jọ jẹ ìrẹsì nínú abọ́ kan. Kọ́sítọ́mà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé á rò pé wọ́n fẹ́ jà, èmi mọ̀ pé ọ̀rẹ́ ni. Ọjọ́ kan báyìí, aṣọ ẹbí kan ti há wa lọ́rùn, ó ti rẹ kálukú, ọ̀kan ní kí èkejì tú ọrùn aṣọ tó rán wọ́, èkejì ò dáhùn, èyí bá ní, "Kò kúkú sẹ́ni tó kọ́ ẹ nílé." Ẹ gbọ́ gbólóhùn yẹn dáadáa o, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ lísìtì yín, kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú ẹ̀ tí ẹ máa rí níbẹ̀. Àmọ́ ìyá ọmọ yẹn ti kú láti ìgbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, ìyá àgbà ló tọ́ ọ. Ó rọra gbé sísọ́ọ̀sì sórí tábìlì, ó bọ́ téèpù lọ́rùn, ó jókòó sẹ́yìn máṣìnnì ẹ̀, kò rán nǹkan kan mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Èkejì kúnlẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́, ó sunkún, èmi ọ̀gá wọn náà bá a bẹ̀ ẹ́. Kò dá ẹnì kankan lóhùn. Gbogbo ọ̀dẹ̀ àti wèrè tí wọ́n ti ń pe ara wọn, èyí tó dun ẹnì kan nínú ẹ̀ ò sí, gbólóhùn kan tó mọ́ tónítóní ló bà á jẹ́.

Ṣé ẹ rí i, èébú Yorùbá ní ibi tó ń lọ. Èyí tó lọ sórí iṣẹ́ tí èèyàn ò ṣe dáadáa tàbí ìwà tó hù, ó lè jẹ́ ẹ̀fẹ̀, ó lè jẹ́ ìbáwí, ẹ̀rín lè parí ẹ̀. Èyí tó bá lọ sórí ìyá, sórí bí wọ́n ṣe bí èèyàn, sórí orí, sórí àìsàn, sórí àbùkù ara, ìjà nìyẹn. Ẹ pe ọkùnrin ní ọmọ àlè kí ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀, ẹ ti bú ìyá ẹ̀, ẹ ti gba bàbá lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ ti lé e kúrò nídìí ogún, ẹnu kan ṣoṣo lẹ fi ṣe gbogbo ẹ̀. Ẹ pe obìnrin tó ti ń wá ọmọ láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ ní àgàn, ẹ ò sọ ìsọkúsọ o, inú Bíbélì ló wà, gbogbo ìgbà ni pásítọ̀ ń pè é lórí pẹpẹ, àmọ́ obìnrin yẹn ò ní gbàgbé yín títí yóò fi wọ sàréè.

Èyí tó wá ń bà mí lẹ́rù jù nìyí. Olè ò sí nínú lísìtì yín. Àjẹ́ ò sí níbẹ̀. Gbọ́mọgbọ́mọ ò sí níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ará Ìbàdàn, ṣé ẹ ti gbàgbé 2014 ni, nígbà tí wọ́n rí igbó Ṣókà yẹn, ibi tí àwọn gbọ́mọgbọ́mọ ń kó èèyàn pamọ́ sí? Ẹ rántí bí ìpayà ṣe gba ìgboro, alárùn ọpọlọ tó bá ṣáà ti gbé àpò kọ́rùn lójú títì, àwọn kan á ní gbọ́mọgbọ́mọ ni, ẹlòmíì á ti máa wá táyà. Ọ̀rọ̀ kan péré ni wọ́n ń pariwo o, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí, kò sí rédíò tó máa gé e kúrò, ọmọdé lè sọ ọ́ níwájú bíṣọ́ọ̀bù, bẹ́ẹ̀ òun ló ń pa èèyàn.

Mo wà lọ́jà lọ́jọ́ kan tí mo lọ ra zíìpù àti aṣọ abẹ́nú, obìnrin kan bá figbe ta, "Olè! Olè!", ó nawọ́ sí ọmọkùnrin kan tó ń sáré lé Micra tó fẹ́ wọ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó bi ọmọ yẹn léèrè orúkọ ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣàn nímú ẹ̀, bàtà ẹ̀ kan ti lọ sínú gọ́tà. Ọpẹ́lọpẹ́ àwọn alápatà tó dá wọn dúró. Obìnrin yẹn wá sún mọ́ ọn kó gbá a létí, bó ṣe gbọ́wọ́ sókè báyìí ni fóònù ń dún nínú kọ́mú ẹ̀, fóònù tó ní wọ́n jí gbé. Ó fọwọ́ bo àyà, ó yíra padà, ó lọ. Kò bẹ̀ ẹ́. Wọ́n ò gba ₦500 lọ́wọ́ ẹ̀. Ọmọ tó bá sì ní "olè ni, òun ló jí pẹ́ńsùlù mi" nínú kíláàsì yín lónìí, lísìtì yín ò rí nǹkan kan bá a sọ, ẹni tó ní "ọ̀dẹ̀" ló jẹ gbèsè.

Ẹ tún wo èyí. Ọmọdé lè bú àgbà tí kò ní la ẹnu sí èébú kankan. Kó pè é ní "ìwọ", kó gbá orúkọ ẹ̀ mú gbalaja, kó na ọwọ́ òsì sí i, kó pòṣé, kó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ọmọ Ìbàdàn mọ̀ pé ó ti bú u tán nìyẹn. Àmọ́ tí ọmọ náà bá wá láti apá Oǹdó tàbí Èkìtì ńkọ́, níbi tí ọ̀pọ̀ ti ń pe bàbá wọn ní "ìwọ" tí ọ̀run ò ya lu ẹnikẹ́ni? Nígbà tí ọkọ mi kọ́kọ́ mú mi dé ìlú wọn, ọmọ kékeré kan wọlé, ó fi "ìwọ" bá màmá àgbà sọ̀rọ̀, èmi ni mo fò dìde bí ẹni tí èèrà ta, màmá ń bu iyán ẹ̀ jẹ lọ, wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè. Yorùbá ní a kì í bú ọba onígègè lójú àwọn èèyàn ẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé wọn ò ní ẹ má bú u o, wọ́n ní ẹ mọ ojú ẹni tí ẹ ti ń bú u.

Àwọn kan nínú yín máa ní ayé òde òní ló bà á jẹ́, pé àwọn bàbá wa ò mọ ìsọkúsọ. Ẹ gbà mí o. Ìlú yìí gan-an tí à ń gbé, Ìbàdàn ọmọ a jòro sùn, ọmọ a jẹ ìgbín yó, ọmọ a fi ìkarahun fọ́rí mu, ó ní ọjọ́ kan lọ́dún tí ìsọkúsọ ń di orin. Ọdún Òkè'Bàdàn mà ni. Òkè yẹn ló gba àwọn tó tẹ ìlú dó lọ́wọ́ ogun, èso òro àti ìgbín ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀ tí wọn ò fi kú, tó bá wá di ọjọ́ ọdún ẹ̀, nínú oṣù kẹta lọ́pọ̀ ìgbà, ọmọdé àtàgbà á jáde síta, wọ́n á máa fi nǹkan ọkùnrin àti nǹkan obìnrin kọrin lójú pópó, gbangba gbàǹgbà, á kan bàbá olówó, á kan ìyá ìjọ, á kan ẹni tó dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀ tó ń wòran, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ bínú, tó o bá tiẹ̀ lajú sílẹ̀ bínú, wọ́n á fi tìẹ sínú orin yẹn kó lè dùn sí i. Màmá àgbà mi, obìnrin tó jẹ́ pé "ibi ìjókòó" ló ń pe ìdí lọ́jọ́ gbogbo, nígbà tí a bi wọ́n léèrè, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní ta ló kọ orin yẹn ju àwọn lọ nígbà èwe àwọn. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì á mọ́, ọmọ tó bá tún un kọ, ẹgba. Kò sẹ́ni tó ní láti lẹ bébà mọ́ ògiri kí wọ́n tó mọ̀.

Lọ sí Kétu, lọ sí Ìmẹ̀kọ àti ilẹ̀ Yewa káàkiri. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí UNESCO kéde ní 2001 pé ohun àjogúnbá aráyé ni, tó tún wọ ìwé wọn ní 2008, alẹ́ ọdún ẹ̀ ni Ẹ̀fẹ̀, akọrin wọn, máa ń jáde, iṣẹ́ tí wọ́n sì gbé e sílẹ̀ fún ni kó fi orin bú èèyàn. Á kọ́kọ́ júbà, á júbà àwọn ìyá wa, á súre fún ìlú. Lẹ́yìn náà ló wá kan ẹni tó gba ìyàwó oníyàwó, ẹni tó jalè, olóyè tó jẹ owó ìlú, á kó gbogbo ẹ̀ síta, á fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ lójú ìyàwó lójú ọmọ, onítọ̀hún á jókòó síbẹ̀ á máa gbọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Kò lè ní kí wọ́n mú Ẹ̀fẹ̀. Ẹni tí kò sẹ́ni tó lè bá a wí lọ́sàn-án, òru ni wọ́n ti ń rí i bú, ìlú á sì tutù. Tiwa nílé ìwé wá ni pé kí gbogbo ẹnu dákẹ́ láti Mọ́ńdè dé Fúráìdeè, bẹ́ẹ̀ ọmọdé tó ń bú ara wọn níbi bọ́ọ̀lù gan-an, wọ́n á tún jọ pín omi mu lẹ́yìn ẹ̀.

Ká wá sọ̀rọ̀ àwa òbí. Ẹ rántí bí àwọn ìyá wa ṣe ń bínú. Ìyá tó bí mi, inú lè bí wọn débi pé ohùn á há, wọn ò ní pe ẹnì kankan nínú wa ní olórí burúkú. "Olóríire! Ọmọ tó máa là! Orí ẹ á dáa, o ò ní fojú rí ìyà, wá ńbí kí n fọ́ ẹ létí!" Ìgbátí á dé, àdúrà á tẹ̀ lé e. Ẹni tó ń kọjá níta á rò pé à ń ṣe ìkómọ. Wọ́n ní àwọn ò mọ wákàtí tí àmín máa ń kọjá, pé ẹnu abiyamọ ò ṣeé fi ṣeré. Èpè ni Yorùbá ń bẹ̀rù, kì í ṣe èébú. Ìyá tó bá tú gèlè, tó di ọmú mú, tó ní "ọmú tí o mu yìí...", kó tó parí ẹ̀ gbogbo àdúgbò á ti dé, àtẹbí àtará á dọ̀bálẹ̀, wọ́n á fọwọ́ bò ó lẹ́nu. Ṣé ẹ ti rí ibi tí àdúgbò ti sáré bẹ ẹni tó ní "ọ̀dẹ̀" rí?

Nínú lísìtì yín, èpè dà? "O ò ní dàgbà", "ayé ẹ máa bàjẹ́", "ìwọ yìí, o ò lè da nǹkan kan láyé ẹ", mi ò rí ọ̀kan. Ìbúra náà ò sí. Àwọn ọmọ yín ń fi ìka kan ilẹ̀, wọ́n á fi kan ahọ́n, wọ́n á nà án sókè, "tí mo bá ń parọ́ kí ìyá mi kú", tórí báírò lásán! Ìbúra tó jẹ́ pé ní kóòtù, wọ́n máa ń gbé Bíbélì fún ẹlòmíì, wọ́n á gbé Kùránì fún ẹlòmíì, wọ́n á gbé irin Ògún fún ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ kó tó la ẹnu, ọmọ ọdún mẹ́jọ ń fi ìyá ẹ̀ ṣe é nídìí báírò, èyí ò kan yín, ẹ ní ó sọ Yorùbá.

Mo kúkú mọ ìdí tí èpè ò fi sí níbẹ̀. Àwa àgbà la ni ín. Ẹ lọ dúró sí géètì yín láàárọ̀ Mọ́ńdè, nígbà tí aago ìwọlé ti fẹ́ lù. Jíìpù fẹ́ wọlé, Micra fẹ́ jáde, ọlọ́kadà ti di àárín. Màmá tó múra ọ́fíìsì, tó fi lọ́fíńdà tó ń ta sánsán, á yọ orí lójú fèrèsé, á tẹ́ ìka márààrún síta, "Wáka! Orí ẹ ò pé! Ojú ọ̀nà yìí ni wàá kú sí!" Ọmọ wọn wà lẹ́yìn, báàgì wà lórí itan, ó ń gbọ́, ó ń kọ́. Dẹ́rẹ́bà Micra á dá a padà fún wọn tòun tèlé, á kan ìyá, á kan ìyá ìyá. Kò pẹ́ ọmọ yẹn á wọ kíláàsì, ẹnì kan á jókòó sí síìtì ẹ̀, á ní "dìde ńbẹ̀, orí ẹ ò pé", ẹ̀yin á ní kó mú owó wá. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ta gan-an ló yẹ kó mú owó wá?

Ẹ̀yin tíṣà wa, mo dọ̀bálẹ̀ fún yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ bí obìnrin ò tiẹ̀ ń dọ̀bálẹ̀, mo mọ̀ pé owó tí wọ́n ń san fún yín ò tó ra epo dé ibi iṣẹ́, ariwo àwọn ọmọ yẹn ò sì rọrùn. Àmọ́ olódo, kókónọ́ọ̀tì hẹ́ẹ̀dì, "wo orí bí orí màlúù", ẹnu yín ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ. Ọmọ tí ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ pè ní olódo, á bú u padà, kó tó di àkókò oúnjẹ wọ́n ti gbàgbé. Èyí tí tíṣà pè ní olódo nídìí pátákó, kò lè dá a padà, àwọn tó kù á sì sọ ọ́ di orúkọ ẹ̀ títí á fi jáde Primary 6. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003, abala 11 ẹ̀ ní ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí iyì ara ẹ̀, pé wọn ò gbọdọ̀ fìyà jẹ ẹ́ lára tàbí lọ́kàn. Ìpínlẹ̀ wa náà ti sọ ọ́ di òfin. Mi ò rí ibi tí wọ́n ti yọ tíṣà sílẹ̀ níbẹ̀, mi ò rí ibi tí wọ́n ti yọ ìyá ọlọ́kọ̀ náà sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ nǹkan abẹ́ tí mo ní a máa dé orí ẹ̀. Ọmọ tó bá ń fi nǹkan abẹ́ ìyá ẹlòmíì bú u, ẹ bá a wí, mo wà lẹ́yìn yín gbágbá. Àmọ́ bí ẹ ṣe kọ ọ́ yẹn, ọmọ tó bá ṣáà ti pe orúkọ ẹ̀, owó ni. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́fà tí ẹni ibi kan bá lọ fọwọ́ kàn, kí ló máa fi sọ ọ́ fún yín? Kó máa nawọ́ sí afẹ́fẹ́ ni? Ọlọ́pàá á bi í, dókítà á bi í, lọ́yà á bi í, ibo ni wọ́n ti fọwọ́ kàn ẹ́, ọmọ yẹn á dákẹ́ torí ẹ ti kọ́ ọ pé ₦500 ni orúkọ ibẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, kí ẹ pa gbogbo ìyókù lẹ́tà yìí tì, kí ẹ yọ ìlà yẹn kúrò lónìí.

Kí n má baà gbàgbé, ọ̀rọ̀ kúlà ìrẹsì ìparí ọdún. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ẹ mọ ara yín. Kúlà ìrẹsì kan sọnù, lóru ọjọ́ yẹn fọ́ìsì nóòtì ò jẹ́ ká sùn nínú gúrúùpù PTA, wọ́n bú ìdílé, wọ́n bú ọkọ, ẹnì kan ní Ṣàngó á bá òun wádìí ẹ̀, ẹnì kan ní kí iná Ẹ̀mí Mímọ́ sọ̀ kalẹ̀. Lórí ìrẹsì! Alága, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ pé "ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká máa fi sùúrù ṣe é", ẹ ò gba kọ́bọ̀. Bàbá kan wá ní òun á fi òfin íntánẹ́ẹ̀tì kó gbogbo wọn. Òfin wo? Abala 24 nínú òfin Cybercrimes ti 2015 ló ní lọ́kàn, èyí tó ní ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ tó burú jáì tàbí ọ̀rọ̀ rírùn ránṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà lè san tó ₦7,000,000 tàbí kó lọ ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tí "burú jáì" ti bẹ̀rẹ̀, ni àwọn alágbára bá gbá a mú, wọ́n fi ń kó akọ̀ròyìn, wọ́n fi ń kó ẹni tó bá ti sọ̀rọ̀ wọn. Ilé ẹjọ́ ECOWAS ní 2022 ní kí Nàìjíríà lọ tún abala yẹn ṣe, nígbà tó di 2024 wọ́n tún un ṣe, wọ́n yọ "burú jáì" yẹn dànù. Ìjọba tó ní lọ́yà lọ́tùn-ún lósì ò rí èébú fi lísìtì dì, ẹ̀yin fẹ́ fi bébà kan ṣoṣo àti sẹ́lótéèpù dì í.

Mo tún ń ronú owó yẹn fúnra ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ò ní ₦500, èmi ìyá ẹ̀ ló ní in. Ọmọ ẹni tó lówó á bú èèyàn, bàbá ẹ̀ á san án, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, ẹlòmíì á tiẹ̀ san ti odidi táàmù sílẹ̀ kí ọmọ ẹ̀ lè máa gbádùn ẹnu ẹ̀. Ọmọ aláta tí ìyá ẹ̀ ò rí san ni ẹ máa lé lọ sílé. Ta ló sì máa di owó náà mú? Akọ̀wé, mi ò sọ pé ẹ ó jẹ ẹ́ o, mò ń béèrè ni.

Ohun tí mo máa buwọ́ lù nìyí. Ẹ yọ fanákúlà, kò ní nǹkan ṣe níbẹ̀. Ẹ yọ orúkọ ẹ̀yà ara. Ẹ fi olè, àjẹ́ àti gbọ́mọgbọ́mọ sí i, ọmọ tó bá fi pe ẹlòmíì, kó wá sọ ohun tó fojú ara ẹ̀ rí níwájú àwọn òbí méjèèjì. Fífi àìsàn, àbùkù ara, òkú òbí tàbí àìníbàbá bú ọmọ ẹgbẹ́ ẹni, òkè pátápátá lẹ ò bá kọ ọ́ sí. Ẹ fi ti òyìnbó sí i tàbí kí ẹ yọ ti Yorùbá, kí òṣùwọ̀n jẹ́ ọ̀kan. Ọmọ tó bá bú èèyàn, kó kúnlẹ̀ bẹ ẹni tó bú lójú àwọn tó gbọ́ ọ, ẹ fi owó sílẹ̀. Àwọn tó máa san owó ni àwa àgbà, ₦2,000 fún èébú ní géètì, ₦5,000 fún èpè, ìlọ́po méjì tó bá jẹ́ tíṣà nínú kíláàsì, kí bàbá ọlọ́dẹ máa gbà á, ojú wọn ti ń rí gbogbo wa láti ọjọ́ yìí wá, wọn ò kàn rí owó gbà ni.

Mo máa wá sí mítìn Sátidé. Màmá jíìpù náà ń bọ̀, mo ti kúkú sọ fún wọn pé àwọn ni mo kọ síbẹ̀ yẹn, wọ́n ní àwọn ò kọ̀, wọ́n á san ₦5,000 àwọn, àmọ́ kí dẹ́rẹ́bà Micra yẹn kọ́kọ́ san tiẹ̀.

Èmi ni,
Ìyá Ìbejì, Primary 4